Ilé Kan ní Alékúwodò

Iná ti lọ ní Òkè-Fìà láti ìrọ̀lẹ́.
Tọ́ọ̀ṣì fóònù ni mo fi ń ka fáìlì,
mo gbé e ti ife omi kí ìmọ́lẹ̀ lè tàn kálẹ̀,
bí ọmọ mi ṣe kọ́ mi.
Ọ̀la ni màá sọ̀rọ̀. Aago mẹ́sàn-án.

Múfútáù Ọláníyọnu, ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n,
iṣẹ́ wẹ́dà ló ń ṣe.
Wọ́n ní òun ló fi ọ̀pá irin gbá Jímọ̀ Àṣàmú lórí
nítorí wáyà jẹnẹrétọ̀,
wáyà tí kò gùn ju ọ̀já ọmọ lọ.

Ọdún méjì àti oṣù méje ló ti wà ní ẹ̀wọ̀n Iléṣà.
Ẹlẹ́rìí kìíní kò wá.
Ẹlẹ́rìí kejì ti kó lọ sí Kútọnú.
Ọlọ́pàá tó gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀, wọ́n ti gbé e lọ sí Ṣókótó;
ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni ìwé mi lọ bá a, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ló dákẹ́.
Ta wá ni mo tì mọ́lé,
apààyàn ni, àbí ẹni tí wọ́n gbàgbé síbẹ̀?

Lọ́yà rẹ̀ ní ikọ́ ń wú u. Dókítà ọgbà fọwọ́ sí i.
(Mo mọ dókítà ọgbà. Ọwọ́ rẹ̀ yá.)
Lọ́yà ìjọba dìde, ó tún gáùn rẹ̀ ṣe,
ó ní ẹni tí okùn ń dúró dè,
bí ẹ bá ṣílẹ̀kùn fún un, ṣé yóò jókòó?
Òótọ́ ni.
Èmi gan-an ì bá sá.

Onídùúró kan ṣoṣo ló rí: Bàbá Oyèkànmí,
òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì,
tó ká ìwé ilé rẹ̀ sínú àpò ìrẹsì.
Ilé náà wà ní Alékúwodò.
Mo wo orúkọ yẹn pẹ́.
Ẹni tó sọ àdúgbò náà bẹ́ẹ̀, ikú wo ló lé?
Ó lé e dé etí omi, ó padà sílé lọ jẹun,
kò wẹ̀yìn wò
bóyá òmùwẹ̀ ni ikú.

Mo bi í pé, kí ni Múfútáù jẹ́ sí yín?
"Kò jẹ́ nǹkan kan sí mi. Òun ló jó géètì mi.
Owó rẹ̀ ku ẹgbẹ̀rún mẹ́ta lọ́wọ́ mi,
ó ní kí n mú un wá bí mo bá rí i.
N kò tíì rí i tí wọ́n fi mú un."
Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Kò sí nínú òfin.

Ìyá Jímọ̀ ńkọ́, bẹ́ǹṣì kejì, lápá òsì.
Ìgbà mọ́kàndínlógún la ti pe ẹjọ́ yìí, kò pa ọ̀kan jẹ.
Sálúbàtà ọmọ rẹ̀ wà nínú láílọ́ọ̀nù dúdú lórí itan rẹ̀.
Kì í sunkún. Kì í wo Múfútáù.
Èmi ló ń wò.
Lóṣù tó kọjá ó dá mi dúró níbi ọkọ̀:
"Wọ́n ní ó ti rí onídùúró.
Jímọ̀ tèmi ńkọ́,
ta ni yóò dúró fún un kó wálé wá jẹun alẹ́?"
Adájọ́ kì í bá ẹni tọ́rọ̀ kàn sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà.
Mo wọ ọkọ̀. Ọwọ́ mi ń wá ihò kọ́kọ́rọ́ kiri.

Mo ti kọ ìdájọ́ náà lẹ́ẹ̀mejì.
Èkíní ní mo gbà. Èkejì ní n kò gbà.
Méjèèjì ló dùn létí; ohun tó bà mí lẹ́rù nìyẹn.
Béèlì kì í ṣe ìdáláre:
mo ti sọ gbólóhùn yìí títí, ó ti rọ bí owó àtijọ́.

Bátìrì fóònù fẹ́ kú. Mo fa ọ̀kan ya.

Kó má sùn ní Ayétòrò, níbi tí ìyá yẹn ń gbé.
Kó máa sùn ní Alékúwodò,
lẹ́yìn géètì tó fọwọ́ ara rẹ̀ jó.
Mo kà á tán. Ìyàwó rẹ̀ kígbe;
ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, tí bàbá kò tíì gbé rí, ta jí.
Ìyá Jímọ̀ mú láílọ́ọ̀nù rẹ̀, ó dìde,
ó tẹríba fún mi díẹ̀, bí àwọn lọ́yà ṣe máa ń ṣe,
ó sì jáde.

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù tó ń bọ̀, mo ní. Ẹ wá ẹlẹ́rìí wá.
Ẹjọ́ tó kàn.